Màmá Alágbàfọ̀ àti Fíríìjì Olófòófó

Ilẹ̀kùn fíríìjì ṣí sílẹ̀ gbayawu, ìdí Màmá Alágbàfọ̀ ni kò sì jẹ́ kó padé. Ó ti tẹ̀ wọ inú ẹ̀ dé èjìká, ó ń wá ìkòkò ọbẹ̀ kan tó dá a lójú pé òun gbé síbẹ̀ lánàá. Ìdí ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Òun fúnra rẹ̀ a máa sọ pé bí wọ́n bá fẹ́ fi nǹkan dí ọ̀nà, kí wọ́n má wulẹ̀ wá òkúta kiri, kí wọ́n ránṣẹ́ pe òun.

Fíríìjì náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Pín, pín, pín.

"Mo gbọ́," ni Màmá wí fún un. "Ṣé ilé ẹ ni mo wà ni?"

Ó ṣì ń ṣí ọmọrí àwọn ìkòkò wò lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí fóònù ẹ̀ dún lórí tábìlì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni, èyí tó ń gbé ìlú mìíràn, òun náà ló ra fíríìjì yìí ránṣẹ́ sí wọn, kò sì tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n gbé e dé.

"Màámi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn fíríìjì. Ó ti tó ìṣẹ́jú méje tó ti ṣí sílẹ̀."

Màmá gbé orí jáde. Ó wo ojú fèrèsé. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Fíríìjì ni. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù mi."

"Fíríìjì wo?"

"Èyí tó wà níwájú yín yẹn. Màámi, mo ṣàlàyé fún yín lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé. Ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n ni, kì í jẹ iná púpọ̀. Tí iná bá ti ń ṣòfò, á sọ."

"Á sọ fún ẹ. Èmi tí mo ń nu ara ẹ̀ láràárọ̀, ẹ̀yìn mi ló ti ń rojọ́."

"Ó sọ fún ẹ̀yin náà. Igbe tó ń ké yẹn ni."

Màmá fi ìdí ti ilẹ̀kùn náà pa, ó dún gbàà. "Ó dáa. Kí ló tún sọ? Ṣé ó sọ fún ẹ pé mo bọ́ bùbá sílẹ̀ nítorí ooru?"

Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Kò lójú, Màámi. Ilẹ̀kùn àti òtútù nìkan ló mọ̀."

"Olófòófó ni ṣá," ni Màmá wí, ó sì fa ìró rẹ̀ sókè. Lọ́jọ́ náà gan-an ló wá báńdéèjì alẹ̀mọ́ra kan nínú àpótí oògùn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì kékeré tó wà lára ilẹ̀kùn fíríìjì, níbi tí nọ́ńbà ti ń tàn. Ó gbà pé ibẹ̀ ló fi ń wo ènìyàn.

Ẹ jẹ́ ká má bú u. Ogójì ọdún ni Màmá fi fọ aṣọ, tó sì fi ń lọ aṣọ fún gbogbo àdúgbò, ohun tó sì mọ̀ nípa iná mànàmáná, lára áyọ́ọ̀nù ló ti kọ́ ọ. Tí áyọ́ọ̀nù bá ti gbóná dáadáa, á yọ ọ́ kúrò lára iná, á fi ooru tó ṣẹ́ kù lára ẹ̀ lọ ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, á tún fi ti àwọn ọmọdé kún un. Ọmọ iṣẹ́ tí kò bá mọ ọgbọ́n yìí kì í pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Fíríìjì àtijọ́ kò gba irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Arúgbó ẹ̀rọ ni, tó ń wúkọ́ tó ń mì jìgìjìgì. Bí wọ́n bá fi lè yọ ọ́ lára iná pẹ́nrẹ́n, ó di kí wọ́n máa gbá a lẹ́yìn, kí wọ́n máa fi orúkọ rere pè é, kó tó tún ta pútú. Nítorí náà, fún ọdún mọ́kànlá, ẹnikẹ́ni ò dán an wò.

Ṣùgbọ́n tuntun yìí ń jí lójú ẹsẹ̀. Màmá rí i, inú ẹ̀ dùn. Tí áyọ́ọ̀nù bá lè pa ooru mọ́, kí ló dé tí fíríìjì ò ní lè pa òtútù mọ́? Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, tó bá di aago mẹ́jọ àárọ̀, á yọ ọ́ lára iná, kó lọ sinmi. Tó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, á kì í bọ iná padà, á wá máa tẹ bọ́tìnnì òtútù títí tí kò fi ní lọ mọ́, kó lè yára bá gbogbo òtútù tó ti sọ nù.

Ohun tó tún wá dùn mọ́ ọn jù ni pé fíríìjì tí kò sí lára iná kò lè ṣòfófó.

"Màámi, fíríìjì yín ò dá mi lóhùn lọ́sàn-án," ni ọmọ rẹ̀ á wí.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni," ni Màmá á dáhùn. Kò mọ ohun tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹ́ gan-an, àmọ́ ó ti kíyè sí i pé bí ènìyàn bá ti dárúkọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ohun mìíràn.

Inú fíríìjì yìí kan náà ni oògùn Bàbá wà.

Bàbá ni ọkọ rẹ̀, dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù tó ti fẹ̀yìn tì. Àrùn àtọ̀gbẹ ti wà lára ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Láti ọdún méjì sẹ́yìn, abẹ́rẹ́ ló ń gún fúnra rẹ̀ níkùn, láàárọ̀ àti lálẹ́, oògùn tí wọ́n ń pè ní ínsúlínì, tí kò gbọdọ̀ rí ooru. Nítorí pé oògùn tó ṣe pàtàkì ni, ibi tó tutù jù ni Màmá wá fún un: ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí yìnyín ti máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Tìfẹ́tìfẹ́ ló fi gbé e síbẹ̀.

Nígbà tó tó oṣù méjì, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ Bàbá gòkè, ó kọ̀, kò wálẹ̀ mọ́. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó ń tọ̀ bí ẹni tó ń bu omi dà nù. Bàtà tuntun tí ó wọ̀ bó o ní ọmọ ìka ẹsẹ̀, ọgbẹ́ tó yẹ kó ti gbẹ láàrin ọjọ́ mélòó kan sì ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ṣì tutù rìn-ìn.

Màmá ti mọ ohun tó fà á. Ó dá a lójú gbangba.

"Kí lẹ jẹ?"

"Ohun tí o gbé fún mi."

"Lẹ́yìn èyí tí mo gbé fún yín ńkọ́?"

"Afẹ́fẹ́."

"Afẹ́fẹ́ wo ló ní ṣúgà báyìí nínú?"

"Ṣé kí n búra ni kí o tó gbà gbọ́? Mi ò jẹ nǹkan kan."

Màmá kó agolo ṣúgà lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ka bísíkíìtì inú páálí, ó sì tún un kà. Nígbà tó yá, ó tú àpò ṣòkòtò Bàbá tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì rí bébà súwíìtì kan níbẹ̀ tó ti gbó débi pé a kò mọ àwọ̀ ẹ̀ mọ́.

"Èyí ńkọ́?"

Bàbá gbé awò ojú rẹ̀ sókè, ó wò ó. "Ìyẹn ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ṣì ń wakọ̀. Ìwọ lò ń fọ ṣòkòtò náà."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun alágbàfọ̀. Odindi ọjọ́ méjì ni kò fi bá a sọ̀rọ̀, àyàfi "ẹ gbé ẹsẹ̀" tó bá fẹ́ gbálẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó ń rí sí àwọn alátọ̀gbẹ wọn ṣúgà Bàbá, ó wo ọgbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

"Bàbá, mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín. Tí ṣúgà yìí bá dúró sókè báyìí, ọgbẹ́ yìí ò ní jinná, ó lè wọ inú egungun. Ẹsẹ̀ ni mo ń sọ. Ẹsẹ̀ yín."

Bàbá wo ẹsẹ̀ ọ̀tún náà. Èyí tó fi ń tẹ bíréèkì ni.

"Súwíìtì ló ń jẹ," ni Màmá wí. "Ẹ má wo ojú arúgbó, olójúkòkòrò ni. Ẹ bá mi bá a wí."

Bàbá gbójú sókè, ó ń wo àjà bí ẹni tó ń ka pákó ara rẹ̀. 

"Mo fẹ́ sọ fún dókítà kó fi kún oògùn yín," ni nọ́ọ̀sì wí. "Àmọ́ kí n tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí èyí tí ẹ ń lò."

Màmá mú ìgò náà jáde láti inú báàgì, ó ti fi áńkáṣíìfù wé e bí ọmọ tuntun. Nọ́ọ̀sì gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Oògùn tó yẹ kó mọ́ gaara bí omi ti dàrú, àwọn nǹkan wínníwínní sì ń léfòó nínú ẹ̀.

"Níbo lẹ ń gbé e sí?"

"Fíríìjì," ni Màmá wí, ó sì na ọrùn díẹ̀. "Tuntun. Ọlọ́gbọ́n. Ọmọ wa ló rà á."

"Ṣé ó ti dì rí?"

"Ó ń dì nígbà mìíràn," ni Bàbá wí. "Láàárọ̀, mo máa ń fi abíyá há a títí á fi yọ́, kí n tó gún un."

Nọ́ọ̀sì gbé ìgò náà sílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. Ó mú un kúrò, ó tún gbé e lé e padà.

"Bàbá. Màmá. Oògùn yìí ti bàjẹ́. Ínsúlínì tó bá ti dì lẹ́ẹ̀kan, kódà tó bá yọ́ padà, kò ṣeé lò mọ́. Tí ooru bá sì ń pa á, agbára rẹ̀ á máa lọ díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe súwíìtì. Ẹ ń gún omi lásán sára. Tí mo bá sì fi kún un fún yín, tí ẹ wá lọ ra tuntun tó dára, ṣúgà yín á já wálẹ̀ lójijì, ó sì lè gbé yín ṣánlẹ̀."

 Aláìsàn kan ń húkọ́ ní ọ̀ọ̀dẹ̀.

"Fíríìjì yẹn," ni Màmá wí níkẹyìn. "Mo ti mọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé ni mo ti mọ̀ pé oníṣẹ́ ibi ni."

Nọ́ọ̀sì kọ oògùn tuntun fún wọn, ó sì ní kó ṣì wà lọ́dọ̀ òun, kí Bàbá máa wá gún un níbẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, títí wọn á fi mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ náà. Bí wọ́n ṣe ń padà sílé, Bàbá ń tiro lọ níwájú, Màmá ń bọ̀ lẹ́yìn. Ká ní Bàbá bú u ni, ì bá mọ èyí tí yóò dá padà. Bàbá ò bú u.

Ọmọ wọn pe ilé ìtajà tó ti ra fíríìjì. Lọ́jọ́ kejì, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, oníṣẹ́ fíríìjì dé, ó kan ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin ni, ó wọ ṣòkòtò oníàpò rẹpẹtẹ, ó gbé àpótí irinṣẹ́ dání.

Màmá yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ọ̀gá yín dà?"

"Èmi ni ọ̀gá náà, Màmá. Ẹ káàárọ̀ mà."

"Ó dáa. Wọlé. Wá gbé olófòófó yìí lọ. Ó ti fẹ́ pa ọkọ mi."

Oníṣẹ́ náà dé ilé ìdáná, ó ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì, kò sí iná nínú ẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn ẹ̀. "Màmá, kò sí lára iná."

"Mo mọ̀. Ó ń sinmi."

"Ó ń ṣe kí ni?"

"Ó ń sinmi. Tó bá di aago mẹ́rin, mo máa jí i."

Ọmọbìnrin náà gbé àpótí irinṣẹ́ sílẹ̀, ó sì jókòó lé e lórí.  Lẹ́yìn náà ló dìde, ó kì í bọ iná, ó rọra ṣí báńdéèjì kúrò lójú gíláàsì, ó sì mú fóònù rẹ̀ jáde, ó so ó mọ́ fíríìjì náà.

"Ó máa ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i sílẹ̀," ni ó wí. "Ẹ wò ó. Aago mẹ́jọ àárọ̀, wọ́n pa á. Aago mẹ́rin, wọ́n tàn án, wọ́n tẹ òtútù dé òpin. Lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́jọ, wọ́n pa á. Aago mẹ́rin, wọ́n tàn án, wọ́n tẹ òtútù dé òpin."

Bàbá ti yọjú sẹ́nu ọ̀nà. "Lójoojúmọ́?"

"Àfi ọjọ́ kan, Bàbá."

"Mo sùn gbàgbé lọ́jọ́ yẹn," ni Màmá wí.

"Màmá, ẹ̀rọ yìí ò ní nǹkan kan tó ń ṣe é. Lóru, ẹ ń jẹ́ kí oògùn dì. Lọ́sàn-án, ẹ ń jẹ́ kó yọ́, kó gbóná. Ta ló sọ fún yín pé fíríìjì ń sinmi?"

"Iná ni mò ń ṣọ́. Ṣé kì í ṣe nítorí iná lẹ ṣe ní ká rà á ni? Ogójì ọdún ni mo fi lo áyọ́ọ̀nù, ẹnikẹ́ni ò lè kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ iná."

"Áyọ́ọ̀nù. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ ti áyọ́ọ̀nù. Ìgbà wo ló máa ń jẹ iná jù?"

"Ìgbà tó bá ń gbóná bọ̀. Ọmọdé mọ ìyẹn."

"Tí ọmọ iṣẹ́ yín bá wá lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan, tó yọ áyọ́ọ̀nù, tó dúró kó tutù pátápátá, tó tún kì í bọ iná kó lè lọ ìkejì ńkọ́?"

"Màá lé e lọ ni. Aṣọ là ń kó jọ, tí a ó sì lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Irú ìyẹn á jẹ iná gbogbo àdúgbò tán."

Ọmọbìnrin náà kàn ń wò ó.  Bàbá náà ń wò ó.

Màmá wá aga. Ó jókòó. "Ẹ máa lé mi lọ nìyẹn," ni ó wí.

"Fíríìjì yìí, tí inú ẹ̀ bá ti tutù, iná tó ń jẹ á kéré gan-an. Ó kàn ń rọra mí ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ kì í fi í gbọ́ ohùn ẹ̀ bíi ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ń pa á, tí ẹ tún ń tẹ̀ ẹ́ dé òpin òtútù, gbogbo agbára ẹ̀ ló ń lò lálaalẹ́ láti dí èyí tó sọ nù. Ṣé káàdì iná yín pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?"

Màmá ronú. "Rárá. Mo rò pé olè ló wà nídìí mítà."

"Èyí tí ẹ ń pè ní òfófó, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Kò lójú, kò létí, kò mọ ẹni tó jẹ kí ni. Ká ní ẹ ò pa á mọ́ lẹ́nu ni, ì bá ti kígbe pé inú òun ti gbóná jù fún oògùn. Ẹni tí ẹ bá sì fẹ́ ló ń fiṣẹ́ ránṣẹ́ sí. Tí ẹ ò bá fẹ́ kó máa sọ fún ọmọ yín, ẹ lè ní kó máa sọ fún ẹ̀yin nìkan."

"Kó máa sọ fún àwa méjèèjì," ni Bàbá wí láti ẹnu ọ̀nà. "Èmi àti ọmọ."

Màmá wò ó. "Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ náà. Tó bá ku àyè."

Oníṣẹ́ náà ṣe é bí Bàbá ṣe wí, ó sì fi Màmá kún un. Ó fi òtútù sí nọ́ńbà márùn-ún, níbi tí oògùn kò ti ní dì tí kò sì ní gbóná, ó ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án mọ́. Ó kó oògùn kúrò lẹ́yìn, ó fi ike kan sí àárín pẹpẹ kejì fún un, ibi tí kò ti kan ògiri yìnyín, tí kì í sì í ṣe ara ilẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń padé. Ó fa fíríìjì síwájú díẹ̀ kí ẹ̀yìn ẹ̀ lè mí. Ó sì kìlọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí ọbẹ̀ gbígbóná tutù kí wọ́n tó gbé e wọlé.

Nígbà tó lọ tán, Màmá jáde lọ bá Bàbá lórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú ilé. Ó jókòó, bẹ́ǹṣì náà ké.

"Mo fẹ́ sọ nǹkan kan. Ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

"Mò ń gbọ́."

"Ẹ ò jẹ súwíìtì."

"Mi ò jẹ ẹ́."

"Mo tú àpò yín."

"O tú u."

"Mo bà yín lórúkọ jẹ́ lójú nọ́ọ̀sì."

"Arúgbó olójúkòkòrò lo pè mí."

"Èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ má bínú."

Bàbá na ẹsẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì wé náà síwájú, ó wò ó. "Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ká ní mo ti kú, ò bá dúró níbi òkú mi, kí o máa sọ fún gbogbo ayé pé súwíìtì ló pa mí. Mi ò sì ní lè fèsì."

Ẹkún ni Màmá fẹ́ sun, ẹ̀rín ló jáde. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú ẹ̀, títí ó fi ní láti dìde sáré gba ilé ìtọ̀ lọ, nítorí pé ní ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ̀rín kì í jáde ní òun nìkan.

Ó gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ṣúgà Bàbá tó wálẹ̀ síbi tí nọ́ọ̀sì ń fẹ́. Ọgbẹ́ náà ti ń fa etí pọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì jinná tán, ó sì ní láti máa lọ fi han wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Díẹ̀ báyìí ló kù kí ọ̀ràn náà ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ra fíríìjì tuntun tí wọ́n ní kì í jẹ iná púpọ̀, tàbí tí àwọn ọmọ bá rà á fún yín, ẹ jẹ́ kó wà lára iná kó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má pa á lọ́sàn-án kí ẹ máa tàn án lálẹ́, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ dé òpin òtútù. Bí ó bá ní ohun tó fi ń pe àkíyèsí yín, ẹ má bò ó lójú. Ẹ ní kí ẹni tó gbé e wá jókòó ti yín, kó ṣàlàyé ohun tí igbe kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí àti ẹni tí ó ń fiṣẹ́ ránṣẹ́ sí, kó má sì lọ títí á fi yé yín. Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ má kàn ra ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí àwọn òbí kí ẹ máa fi fóònù ṣọ́ wọn láti òkèèrè. Ẹ wá sílé, ẹ kọ́ wọn pẹ̀lú sùúrù.

Bí ínsúlínì bá wà nínú ilé yín, kò gbọdọ̀ dì, kò sì gbọdọ̀ gbóná. Èyí tó bá ti dì, ẹ má fi abíyá yọ́ ọ, ẹ má gún un. Ẹ gbé e padà lọ fún nọ́ọ̀sì. Bí ṣúgà bá sì kọ̀ tí kò wálẹ̀, kí ẹ tó dá aláìsàn lẹ́bi, kí ẹ tó fi kún oògùn rẹ̀, ẹ mú ìgò oògùn náà lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an, nígbà tí ọgbẹ́ ṣì kéré.